Ìtàn Ayé Ọ̀gá Alásẹ́

Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kìíní

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìdúró. Ẹsẹ̀ yín ńkọ́? Ṣé ẹ ti ń jókòó díẹ̀ kí oníbàárà mìíràn tó wọlé, bí mo ṣe bẹ̀ yín, àbí òòró náà lẹ ṣì wà látàárọ̀ tí ẹ ń fá orí olórí? Ẹ bá mi kí Àǹtí. Ẹ sọ fún wọn pé aṣọ tí wọ́n rán sí mi bá mi lára mu, àyàfi apá òsì tó ń bá mi ṣọ̀tá. Mo mọ̀ pé wọ́n á ní apá mi ni kò dọ́gba, kì í ṣe aṣọ àwọn.

Ìròyìn ńlá ni mo mú wá. Ilé ìtẹ̀wé ti gbé iṣẹ́ kan lé mi lọ́wọ́ tí gbogbo àwa tó ń kọ ìtàn ìgbésí ayé èèyàn ń lé kiri. Wọ́n ní kí n kọ ìtàn Ọ̀gá Alásẹ́. Òun ló ṣe àpótí funfun tí wọ́n ń da omi ìdọ̀tí sí lókè, tí omi mímọ́ ń kán jáde nísàlẹ̀. Asẹ́ ni wọ́n ń pè é. Kò sí ilé ìwé, kò sí ọ́fíìsì níbí lókè òkun tí ẹ ò ní bá a, wọ́n sì ní ó ti ń dé ọ̀dọ̀ yín náà.

Ẹ̀yin náà mọ bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀. Ìwé mi àkọ́kọ́, ti ìyá tó ṣe ààrò tí kì í rú èéfín, inú ilé ìdáná rẹ̀ ni mo jókòó sí tí mo fi kọ ọ́ tán. Ó ń bú mi, mo ń kọ ìbú náà sílẹ̀. Èkejì, ti tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó ṣe kẹ̀kẹ́ fún àwọn tí kò lè rìn, a jọ jà, a jọ rẹ́rìn-ín, mo sì sunkún nígbà tí mo ń kúrò lọ́dọ̀ wọn. Bí mo ṣe máa ń ṣiṣẹ́ mi nìyẹn: mo ní láti fẹ́ràn ẹni náà kí n tó lè kọ ọ́. Èyí ni mi ò tíì mọ bó ṣe máa rí.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo kọ́kọ́ lọ rí i. Ọ́fíìsì rẹ̀ tóbi, ó tutù, kápẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ ń gbé ẹsẹ̀ mì. Ẹyin bíbọ̀ ló ń jẹ nígbà tí mo wọlé, kò sì dáwọ́ dúró. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni ẹyin ń fò jáde lẹ́nu rẹ̀. Díẹ̀ bà lé ìwé tí mo ṣí sórí itan. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i. Nígbà tó jẹun tán, ó na ọwọ́ sí akọ̀wé rẹ̀, obìnrin kan tó tó Àǹtí lọ́jọ́ orí. Mo rò pé ó fẹ́ gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Bàbá, ó nu ìka rẹ̀ mọ́ apá bùláòsì obìnrin náà, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń nu ọwọ́ mọ́ tówẹ́ẹ̀lì. Obìnrin náà kò mira. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi ìdí tí apá ọ̀tún aṣọ rẹ̀ fi dúdú ju ti òsì lọ.

Ó rí mi lára. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ niṣẹ́ ń jẹ́, ó sì lè jẹ́ pé ẹni tó lọ́gbọ́n tó bẹ́ẹ̀ kì í ráyè kọ́ ìwà. Ẹ fi mí sádùúrà. Ẹ tètè fèsì, nítorí ẹ̀yin kì í tètè kọ̀wé.

Èmi ọmọ yín,
Oníbéèrè


Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kejì

Oníbéèrè ọmọ mi,

Ara mi dá ṣáṣá. Ẹsẹ̀ mi ṣì ń gbé mi, jọ̀wọ́ fi ẹsẹ̀ mi sílẹ̀. Àǹtí rẹ ní kò sí nǹkan tó ṣe aṣọ náà, pé kí o yéé fi apá òsì sá fún iṣẹ́ ilé.

Orí tíṣà kan ni mo ń fá lọ́wọ́ nígbà tí lẹ́tà rẹ wọlé. Mo gbé abẹ sílẹ̀, mo já lẹ́tà náà, mo sì kà á sókè fún gbogbo àwọn tó ń dúró de mi. Nígbà tí mo dé ibi tí o ti ní ìwọ lo máa kọ ìtàn Ọ̀gá Alásẹ́, wọ́n pàtẹ́wọ́. Tíṣà dìde tòun ti aṣọ lọ́rùn, ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó ní, "Bàbá, ẹ bímọ!" Mo ní, "Ṣé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ni?"

Ibi ẹyin, mo fò ó. Kí ló tilẹ̀ dé tí o fi kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Ẹni tó fún aráyé lómi mímu, ṣé torí ẹyin lo ṣe fẹ́ máa wò ó ní ìwòkuwò? Orí tí mo ń rí nínú ṣọ́ọ̀bù yìí, bí mo bá ṣàpèjúwe wọn fún ọ, o ò ní jẹun. Mi ò sá fún wọn rí. Ìwọ ti kẹ́ ara rẹ bàjẹ́ lọ́hùn-ún. Bí ẹnì kan bá fún ọ níṣẹ́ tó dára báyìí, máa dúpẹ́, kí o sì fa ojú rẹ sẹ́yìn lára ọwọ́ tó fi ń jẹun.

Gbọ́ èyí. Aṣojú ilé iṣẹ́ wọn wá sí àdúgbò wa. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó wọ kóòtù nínú oòrùn. Ó gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn pé èmi ni bàbá ẹni tó ń kọ ìtàn ọ̀gá wọn. Ṣe ló dì mọ́ mi bí ẹni pé èmi gan-an ni mo bí Ọ̀gá Alásẹ́. Lọ́jọ́ kejì ó gbé Asẹ́ kan wá fún mi lọ́fẹ̀ẹ́, ó ní kí n gbé e sí iwájú díńgí, kí àwọn oníbàárà mi máa rí i. Ó funfun bí eyín ọmọdé! Gbogbo ẹni tó bá gérun lọ́dọ̀ mi ló ń mu omi báyìí, mo fi kọ́ọ̀bù dígí síbẹ̀. Ìdajì àdúgbò ti ra tiwọn nítorí ẹnu mi. Àǹtí rẹ ń bu tirẹ̀ sí ìgò lọ sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ láràárọ̀, ó ní ojú òun ti ń dán.

Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ rẹ ò ju fọ́tò kan lọ. Ìwọ àti Ọ̀gá Alásẹ́, kí ẹ jọ dúró. Kó o rẹ́rìn-ín o. Ààyè rẹ̀ ti wà lára ògiri.

Èmi bàbá rẹ


Wáyà, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kejì

BABA E MA MU OMI ASE YEN O LETA NBO ONIBEERE


Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kejì

Bàbá mi,

Ẹ kú ojúmọ́, ẹ kú àìrí ara ẹni. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ni mo ti ń bọ̀, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ wáyà sí yín tán. Àárọ̀ yìí ni lẹ́tà yín dé, nígbà tí mo sì ka ibi tí ẹ ti gbé àpótí náà sínú ṣọ́ọ̀bù, ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ jókòó kí n tó sọ ohun tí ojú mi rí.

Yàrá kan wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ wọn tí wọn kì í mú àlejò dé. Èmi tí ẹ sọ ní Oníbéèrè, ẹ mọ̀ pé mi ò lè rí ilẹ̀kùn títì kí n má bi í wò. Mo ní mo fẹ́ rí gbogbo ibi tí mo máa kọ sínú ìwé, akọ̀wé sì fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Kò bá mi wọlé. Ó kàn fi ìbòrí rẹ̀ bo imú, ó padà sẹ́yìn.

Àwọn Asẹ́ tí àwọn èèyàn dá padà ló kún ibẹ̀, wọ́n tò wọ́n dé òrùlé. Bí àkísà tí wọ́n gbàgbé sínú garawa ni òórùn ibẹ̀ rí. Mo gbé ọ̀kan, ó ṣì funfun, ó ń dán. Mo tú ìdí rẹ̀. Bàbá, aṣọ kan báyìí ló wà nínú rẹ̀, ó ti jẹrà. Nǹkan tó yọ̀ bíi kẹ̀lẹ̀bẹ̀ bò ó, ó fà tẹ̀lé ìka mi nígbà tí mo fẹ́ yọ ọwọ́. Nínú rẹ̀ ni àwọn kòkòrò tín-ín-rín bí òwú ti ń rá kiri, wọ́n ń gbé orí sókè bí ẹni pé mo jí wọn lójú oorun. Mo tú òmíràn, bákan náà. Mo bì sínú báàgì mi nítorí mi ò rí ibòmíràn bì sí.

Mo lọ bá Ọ̀gá Alásẹ́ fúnra rẹ̀. Èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń gé, ó gbé ẹsẹ̀ lé orí tábìlì tí a ti jọ ń ṣiṣẹ́.

Mo ní, "Ọ̀gá, aṣọ inú Asẹ́ ń jẹrà."

Ó ní, "Mo mọ̀."

Mo rò pé kò gbọ́ mi dáadáa. Mo ní kòkòrò wà nínú rẹ̀. Ó tún ní òun mọ̀. Ó ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń kọ́ ọmọdé: ní ìbẹ̀rẹ̀, amọ̀ sísun ló wà nínú àpótí náà, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n omi ń pẹ́ kó tó kán. Àwọn tó fẹ́ rà á kò ní sùúrù. Ló bá yọ amọ̀, ó fi aṣọ sí i. Aṣọ kì í pẹ́ jẹrà, kò sì sí òmíràn tí wọ́n ń tà láti fi pààrọ̀ rẹ̀.

Mo ní, "Ṣé ẹ ò ní sọ fún àwọn tó ti rà á?"

Ó ta èékánná kan sílẹ̀, ó bọ́ sí iwájú bàtà mi. Ó ní, "Ojú ni èèyàn fi ń mu omi, ọmọbìnrin. Tó bá ti mọ́ lójú wọn, ó tán. Padà sídìí ìwé rẹ."

Bàbá, gbogbo ara mi ló kọ̀ ọ́. Mi ò tíì rí ẹni tó rí mi lára tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo ti fún ilé ìtẹ̀wé ní ìdajì ìwé náà kí n tó wọ yàrá yẹn, ìgbà èwe rẹ̀ àti ìgbà tó ń jìyà. Bí mo bá ti rántí pé ọwọ́ mi ló kọ ọ́, mo máa ń fẹ́ fọ ọwọ́.

Ẹ da omi náà nù. Ẹ sọ fún gbogbo ẹni tó rà á nítorí yín. Kí Àǹtí máa se omi kí wọ́n tó mu. Ẹ má bínú sí mi nítorí fọ́tò, mi ò lè dúró ti ọkùnrin yẹn.

Èmi ọmọ yín,
Oníbéèrè


Ọjọ́ kìíní, oṣù Kẹta

Oníbéèrè, ọmọ àtàtà,

O ṣé, o ṣé, o kú ìfẹ́! Wáyà rẹ dé lánàá, bí ẹni pé áńgẹ́lì ló gbé e.

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́. Láti ọjọ́ mélòó kan ni mẹkáníìkì òdìkejì títì ti ń dà mí láàmú pé omi inú Asẹ́ ń rùn bí ìbọ̀sẹ̀. Mo ní imú rẹ̀ ló ń rùn, epo ọkọ̀ ti bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí èmi náà gbóòórùn ún, ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. Mo gbé e kúrò níwájú díńgí, mo fi sábẹ́ tábìlì, mo ń dúró de aṣojú wọn. Ibẹ̀ ni mo wà tí wáyà rẹ fi dé. Mo já a lójú gbogbo wọn, mo kà á: "Ẹ máa mu omi asẹ́ yẹn o!" Háà! Ọmọ mi tó ń bá ẹni tó ṣe é jókòó, òun ló rán wáyà láti òkè òkun pé ká máa mu ún lọ. Ta ni mẹkáníìkì?

Mo gbé Asẹ́ padà sí àyè rẹ̀. Mo bu kọ́ọ̀bù kan, mo mu ún lójú rẹ̀, mo tún bu òmíràn. Ojú tì í, òun náà mu. Gbogbo àwọn tó ti ń ṣiyè méjì ní àdúgbò ló ti padà sídìí tiwọn, nítorí mo lẹ wáyà rẹ mọ́ ara ògiri, níbi tí fọ́tò máa wà.

Àǹtí rẹ ò gbádùn díẹ̀, ìgbẹ́ gbuuru ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ó ní búrẹ́dì àná ló fà á. Mo ní kó máa mu omi dáadáa.

Fọ́tò o, má gbàgbé.

Èmi bàbá rẹ, tí inú rẹ̀ dùn


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kẹta

Bàbá,

Ẹ má bínú pé mi ò kí yín. Má ni mo kọ, kì í ṣe máa. Ẹ MÁ mu ún. Mo ní kí ẹ má mu ún!

Wáyà kì í gbé àmì ohùn. Lẹ́tà tó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ kúrò níbí lọ́jọ́ kan náà, mi ò mọ ibi tó há sí. Mo ti tẹ wáyà mìíràn ní wákàtí yìí, mo kọ ọ́ báyìí: OMI ASE KO DARA AISAN NI E DA A NU. Mo kà á fún akọ̀wé ìfìwéránṣẹ́ títí ó fi ní òun ti gbọ́.

Ẹ gbé Àǹtí lọ sí ọsibítù. Kì í ṣe búrẹ́dì. Ẹ sọ fún dókítà pé omi tó ti bàjẹ́ ni wọ́n mu. Ẹ já wáyà yẹn kúrò lára ògiri, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín.

Mo ti sọ fún ọkùnrin náà pé mi ò kọ ìwé rẹ̀ mọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e, ó sì tutọ́ sínú ife tíì tí kò tíì mu tán. Ó ní, "Ta ló sọ fún ọ pé ìwọ lò ń kọ ọ́? Ilé ìtẹ̀wé ló ń kọ ọ́, ọwọ́ rẹ ni wọ́n yá." Lẹ́yìn náà, Bàbá, ó gbé ife yẹn, ó mu ún tán. Mo bọ́ síta, mo ń rìn, mi ò mọ ibi tí mo ń lọ.

Ẹ fèsì lọ́jọ́ tí ẹ bá rí èyí. Ẹ fèsì, àní kó jẹ́ ìlà kan.

Oníbéèrè


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹrin

Bàbá mi,

Mi ò tíì rí lẹ́tà yín. Mo máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ wo àpótí lẹ́tà kí afìwéránṣẹ́ tó dé, mo tún máa ń lọ wò ó tó bá ti lọ tán. Ẹni tí a jọ ń gbé ilé ti ń fi àánú wò mí.

Ṣé Àǹtí wà? Ẹ sọ ọ́ fún mi bó bá ṣe rí. Mi ò ní béèrè nǹkan mìíràn.

Oníbéèrè


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Kẹrin

Ìwọ ọmọ yìí,

Èmi Àǹtí rẹ ni mò ń kọ èyí fúnra mi, nítorí náà má wo bí ìlà ṣe ń gun òkè. Ọwọ́ mi ò tíì dúró. Mi ò kú. Mo kọ́kọ́ sọ ìyẹn kí o lè jẹun.

Kí n sọ òótọ́ fún ọ, inú ń bí mi sí ọ. Ìwọ tí iṣẹ́ rẹ jẹ́ ìwé kíkọ, o ò rí nǹkan kọ sínú wáyà ju "ma" lọ? Ṣé "da omi nù" ti tán lórí ilẹ̀ ayé ni? "A" kan ṣoṣo, òun ló gbé mi dé ọsibítù. Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀ tòun ti garawa lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo di ẹni tí nọ́ọ̀sì ń yí bí aṣọ lórí okùn. Nǹkan tó ń jáde lára mi, mi ò ní kọ ọ́ sí lẹ́tà, bàbá rẹ ní kì í ṣe gbogbo nǹkan là ń kọ. Ó ti yí ohùn padà lórí ìyẹn báyìí.

Wáyà rẹ kejì àti lẹ́tà tó gùn yẹn, ọwọ́ kan náà ni wọ́n dé, èmi sì ti wà ní ọsibítù nígbà náà. Tíṣà ló sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún mi. Bàbá rẹ ka lẹ́tà náà tán. Ó mú ṣukudiráfà, ó gbé Asẹ́ sílẹ̀ láàárín ṣọ́ọ̀bù, ó tú ìdí rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Nǹkan inú rẹ̀ bọ́ sórí irun tí wọ́n ti gé sílẹ̀, irun lẹ̀ mọ́ ọn, ó wá ń mira bí ẹranko kékeré. Àwọn èèyàn sá jáde. Bàbá rẹ ò sá. Ó tẹjú mọ́ ọn títí, ó sì bì lé e lórí. Òun náà ti mu ún tó, àbí kò mu ún? Inú rẹ̀ kàn le ju tèmi lọ ni.

Lẹ́yìn náà ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé, ó ń sọ fún wọn pé òun ló tàn wọ́n jẹ. Àwọn kan bẹ̀ ẹ́ kó jókòó. Ẹnì kan da omi Asẹ́ tirẹ̀ sí i lára láti orí dé ẹsẹ̀. Ọmọ oníṣẹ́ bàtà àdúgbò wa, tí òun náà mu ún, ṣì wà ní ọsibítù, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti ń là, ó ti bú nọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀kan. Mẹkáníìkì náà ṣàìsàn, ó ti yá. Kò sí ẹni tó kú. Ká dúpẹ́.

Bàbá rẹ ní òun ò lè kọ̀wé sí ọ, pé ojú ń ti òun. Mo ní ojú ò ti ẹni tó ń fi aṣọ èèyàn nu ọwọ́, ojú wá ń ti ìwọ. Bàbá rẹ kò tíì ṣí ṣọ́ọ̀bù láti ìgbà náà. Ó ń fọ kọ́ọ̀bù dígí yẹn láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ó ní ó ṣì ń yọ̀. Mo fọ́ ọ mọ́ ọn lọ́wọ́ lánàá.

Bínú sí mi bí o bá fẹ́, ṣùgbọ́n kọ̀wé sí i. Kó o máà bẹ̀ ẹ́, kò fẹ́ ẹ̀bẹ̀. Sọ nǹkan mìíràn fún un.

Àǹtí rẹ


Ọjọ́ ogún, oṣù Karùn-ún

Bàbá mi, àti Àǹtí mi,

Ẹ kú ewu. Mo ka lẹ́tà Àǹtí lórí àtẹ̀gùn, mo sì jókòó síbẹ̀ títí àwọn èèyàn fi ń ré mi kọjá. Àǹtí, ẹ máa bínú lọ, ẹ̀tọ́ yín ni. Ohùn yín nínú lẹ́tà náà ló jẹ́ kí n dìde.

Ẹ ní kí n má bẹ̀bẹ̀, nítorí náà mo fẹ́ sọ bí iṣẹ́ mi ṣe wà. Mo gbé ọ̀rọ̀ Asẹ́ lọ bá àwọn oníwèé ìròyìn. Èyí àkọ́kọ́ ní ilé iṣẹ́ náà ló ń polówó lọ́dọ̀ àwọn jù. Èkejì ní kí n mú dókítà wá. Mo lọ bá olóòtú mi ní ilé ìtẹ̀wé, obìnrin tó kọ́ mi ní iṣẹ́ yìí, tí mo máa ń pè ní màmá. Ó gbọ́ mi tán, ó pa ilẹ̀kùn dé. Mo rò pé ó fẹ́ dì mọ́ mi ni. Ó ní, "Ìwé ìyìn la ní kí o kọ, a ò ní kí o pe ẹjọ́." Ó wá fún mi ní súìtì lẹ́nu, bí ẹni ń pa ọmọ lẹ́kún. Mo tu ú sínú páálí ìdọ̀tí rẹ̀.

Wọ́n á tẹ ìwé náà jáde. Ìdajì tí mo ti kọ, tiwọn ni, bí ìwé àdéhùn ṣe wí. Wọ́n ti rí ẹnì kan tó máa kọ ìyókù. Orúkọ mi ló sì máa wà lẹ́yìn rẹ̀, nítorí orúkọ mi ló ń tajà.

Ó sú mi, Bàbá. Ìyá aláàrò àti àwọn oníkẹ̀kẹ́, mo ń wò wọ́n lórí pẹpẹ mi, mo sì ń bi ara mi bóyá torí pé mo fẹ́ràn wọn ni mi ò ṣe wá yàrá ẹ̀yìn tiwọn. Mo lọ sọ́dọ̀ ìyá aláàrò lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo ní kó jẹ́ kí n tú ààrò rẹ̀ wò. Ó fún mi ní irin, ó ní, "Tú u, kí o sì tò ó padà kí n tó fẹ́ dáná." Mo tú u. Kò sí nǹkan níbẹ̀ ju eérú lọ. Mo rẹ́rìn-ín, ẹkún sì gbọ̀n mí.

Mo fẹ́ fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀. Ilé ìwé kan wà nítòsí tí wọ́n ń wá ẹni tó máa kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ìwé kíkà. Níbẹ̀, bí mo bá kọ A, A náà ló máa jẹ́.

Bàbá, ẹ kọ ìlà kan sí mi. Ẹ bú mi tí ẹ bá fẹ́.

Oníbéèrè


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kẹjọ

Oníbéèrè,

Mo pẹ́ kí n tó kọ̀wé. Kì í ṣe pé mo ń bínú sí ọ. Mo ń wá ẹni tí mo máa bínú sí, ara mi ni mo sì ń bá níbẹ̀ nígbàkúùgbà. Mo ti ṣí ṣọ́ọ̀bù. Àwọn kan ò wá mọ́, àwọn kan wá. Mẹkáníìkì ló kọ́kọ́ jókòó lórí àga, ó ní kí n fá a mọ́lẹ̀, òun ò bá mi ní ìjà. Ọmọ oníṣẹ́ bàtà ti wà nílé.

Ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, aṣojú wọn dé. Kóòtù tuntun. Ó jókòó, ó ní kí n fá irùngbọ̀n òun. Mo rò pé ó wá tọrọ àforíjì ni, nítorí náà mo da aṣọ bò ó, mo po ọṣẹ, mo fi kùn ún lẹ́rẹ̀kẹ́ méjèèjì. Ìgbà náà ló mú ìwé kan jáde lábẹ́ aṣọ, ó ń rẹ́rìn-ín nínú fóòmù. Ó ní, "Bàbá, iṣẹ́ ọmọ yín rèé. Ilé iṣẹ́ ní kí ẹ gbé e sí iwájú díńgí, Asẹ́ tuntun ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Fọ́tò ọ̀gá wọn wà lẹ́yìn ìwé, ó fi eyín hàn. Orúkọ rẹ wà lábẹ́ eyín rẹ̀.

Mo ní, "Dìde."

Ó ní, "Bàbá, ọṣẹ wà lójú mi."

Mo ní, "Mo rí i. Máa gbé e lọ."

Ó rò pé eré ni. Nígbà tó rí i pé mo di abẹ mú, ó bọ́ aṣọ sílẹ̀, ó jáde. Gbogbo títì ń wò ó, fóòmù ń kán sórí kóòtù. Àǹtí rẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, ó ń pariwo pé kí wọ́n fún un lómi Asẹ́ kó fi bọ́jú.

Ó fi ìwé sílẹ̀. Mo fi páálí méjì gbé e bí ẹni ń kó ìgbẹ́ ajá. Mo fẹ́ jù ú sínú iná. Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ ni. Mo gbé e wálé, mo fọwọ́, mo jókòó, mo ṣí i.

Ọmọ mi, mo ka ibi tí ọkùnrin náà ti wà ní kékeré, tó ń fi abọ́ fífọ́ pọnmi fún ìyá rẹ̀, tí omi ń jò tán lọ́nà, tó sì ń padà. Mo rẹ́rìn-ín. Mo sunkún. Mo pe Àǹtí rẹ pé kó wá gbọ́, mo ka òmíràn fún un. Ọrùn rẹ̀ kò tíì kún padà, eegun èjìká rẹ̀ ṣì ń gún aṣọ, ó sì jókòó síbẹ̀, ó ń sọ pé, "Ọmọ yìí jìyà o." Ṣé o gbọ́? Èmi àti ẹni tí omi yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa, à ń káàánú ọkùnrin yẹn. Mo fẹ́ kó rí omi pọn délé. Mo ti gbàgbé ohun tí mo rí lórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi.

Ìgbà tí mo dé ibi tí ọwọ́ rẹ parí sí, tí ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀, mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, ó dà bí ẹni tó ń jẹ iyanrìn. Ibẹ̀ ni mo ti jí. Mo jáde sí ẹ̀yìnkùlé, mo bì bí mo ṣe bì lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún. Kì í ṣe irọ́ ìkẹyìn ìwé náà ló ṣe mí bẹ́ẹ̀. Tìrẹ ni. Ó dùn. Òun gan-an ló rí mi lára.

Nítorí náà, má sọ ọ̀rọ̀ ilé ìwé ọmọdé létí mi mọ́. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn á rí tíṣà mìíràn. Jókòó, kí o kọ ìtàn ọkùnrin kan náà lẹ́ẹ̀kejì. Bí wọn ò bá tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún, fi ránṣẹ́ síbí, a óò wá ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́. Fi mí sí i pẹ̀lú, onígbàjámọ̀ tó ń bu omi fún àwọn aládùúgbò rẹ̀, tó ń yangàn. Má ṣe dín in kù nítorí pé bàbá rẹ ni mí. Àǹtí rẹ ní kí o fi òun náà sí i, tòun ti garawa.

Kí o sì jẹ́ kó dùn ju èyí lọ. Kí ẹni tó bá ṣí i má lè gbé e sílẹ̀, títí yóò fi jáde lọ bì.

Èmi bàbá rẹ